Òṣíbàtà Wúrà Ilẹ̀ Íńdíà: Àmì-Ẹ̀yẹ Tí Kì Í Béèrè Èdè Lọ́wọ́ Fíìmù

Bí a bá dárúkọ fíìmù Íńdíà fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, orin àti ijó ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn, àti olólùfẹ́ méjì tí wọ́n ń sáré yí igi po, àti akọni kan ṣoṣo tó ń na ogún jàǹdùkú. Èdè Hindi ni wọ́n ń sọ nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, Mumbai ni wọ́n sì ti ń ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé fíìmù Íńdíà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí ìjọba Íńdíà kọ́kọ́ jókòó láti yan fíìmù kan ṣoṣo tó dára ju gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1953, fíìmù èdè Marathi ni wọ́n yàn. Láti ìgbà náà wá, kì í ṣe Hindi ló gba àmì-ẹ̀yẹ náà jù. Èdè Bengali ni, iye ìgbà tó sì ti gbà á ti lé ní 20.

Ohun tí mo rí tí mo fi gbé bírò nìyẹn. Èdè 22 ni òfin-ìpìlẹ̀ Íńdíà dárúkọ, yàtọ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn tí kò dárúkọ. Láàárín irú èrò elédè púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí èdè tó lówó jù máa kó gbogbo oyè lọ, kí wọ́n sì fi ẹ̀bùn pẹ́pẹ̀pẹ́ pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ ní Íńdíà kò gba ọ̀nà yẹn. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàìní àléébù, n ó sì sọ àwọn àléébù náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, n kò tíì rí ohun tí ìjọba kan ṣe fún fíìmù abínibí tó níyì tó o.

Ọdún méje lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbà olóṣèlú wọn kò ka sinimá sí nǹkan ọmọlúàbí. Gandhi fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rí i sójú. Èrò ìjọba ni pé bí àwọn bá ń bu ọlá fún fíìmù tó ní iṣẹ́ ọnà nínú, tó sì lè kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń ṣe fíìmù yóò tẹra mọ́ irú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1954, ní New Delhi, Ààrẹ Rajendra Prasad fi èyí àkọ́kọ́ lé àwọn tó jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Mẹ́dàlì Wúrà ti Ààrẹ ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di Swarna Kamal, òdòdó òṣíbàtà wúrà, orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. (Ọdún tí mo bá fi síwájú fíìmù nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọdún tí wọ́n ka ẹ̀bùn rẹ̀ sí; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayẹyẹ máa ń wáyé.)

Fíìmù Marathi àkọ́kọ́ yẹn ni Shyamchi Aai, ìtàn Shyam àti ìyá rẹ̀. P. K. Atre ló darí rẹ̀. Inú ìwé tí Sane Guruji kọ nígbà tó wà lẹ́wọ̀n ní Nashik, nítorí ìjà òmìnira, ni wọ́n ti mú un. Òtòṣì ni wọ́n nínú ìtàn náà, kò sì sí akọni kankan tó ń na ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà wẹ̀ tán, kò fẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù kan erùpẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ́ etí aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un kó fi ẹsẹ̀ lé e. Ó wá sọ fún un pé bó ṣe ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má dọ̀tí yẹn, kó máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìyá Yorùbá bá tọ́ dàgbà mọ irú ìyá yìí dáadáa.

Lọ́dún kejì, Mirza Ghalib gbà á, ìtàn akéwì ńlá kan tó fi èdè Urdu kọ ewì. Ọdún kẹta ni ohun tó sọ àmì-ẹ̀yẹ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́ ṣẹlẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Calcutta ni Satyajit Ray, kò sì darí fíìmù rí. Subrata Mitra tó fi ṣe ayàwòrán jẹ́ ọmọ ọdún 21, kò tíì di kámẹ́rà sinimá mú rí. Ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Pather Panchali ní èdè Bengali, ìtàn Apu àti Durga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lábúlé kan tí ebi kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Àwọn olówó tí Ray tọ̀ lọ kọ̀ ọ́, wọ́n ní kò sí orin, kò sí ijó níbẹ̀. Ìran kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ méjèèjì sáré gba àárín koríko gíga tó yọ òdòdó funfun, wọ́n fẹ́ lọ wo ọkọ̀ ojú irin. Ìdajì ìran yẹn ni wọ́n yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, màlúù ti jẹ gbogbo òdòdó náà mọ́lẹ̀ pátá. Wọ́n ní láti dúró di ìgbà tí koríko náà tún yọ òdòdó lọ́dún kejì. Ẹni tó bá wo fíìmù náà lónìí kò lè mọ̀: àwọn ọmọ náà wọlé sáàárín òdòdó, èéfín dúdú yọ lókèèrè, ọkọ̀ ojú irin sì gba iwájú wọn kọjá.

Owó tán lọ́wọ́ wọn. Ray fi ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ dúró gba owó, ìyẹn náà tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ West Bengal ló wá gbé e dìde. Nínú ìwé ìnáwó wọn, wọ́n kọ ọ́ pé owó àtúnṣe ọ̀nà ni, torí pé orúkọ fíìmù náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà nínú. Lọ́dún 1955 ó jáde, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún 1956 ó gba ẹ̀bùn ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Fíìmù tí àwọn olówó sá fún ni orílẹ̀-èdè Íńdíà fi wọ inú ìtàn sinimá àgbáyé.

Láti 1955 sí 1964, fíìmù Bengali gbà á lẹ́ẹ̀méje nínú ọdún mẹ́wàá. Ray nìkan gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà láyé rẹ̀: Pather Panchali, Apur Sansar, Charulata, Goopy Gyne Bagha Byne, Seemabaddha, àti Agantuk tó jẹ́ fíìmù tó ṣe kẹ́yìn. Ti 1991 ni wọ́n fún Agantuk. Oṣù kẹrin 1992 ni Ray kú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ojúsàájú ni, pé Calcutta ti sọ ẹ̀bùn náà di ogún bàbá wọn. Ẹni tó bá wo Charulata, tó rí bí obìnrin olówó tó dá wà nílé ṣe ń fi awò wo àwọn tó ń kọjá lójú pópó, láti fèrèsé kan dé òmíràn, kò ní jiyàn pé fíìmù náà tọ́ sí i.

Gúúsù Íńdíà dúró títí di 1965 kó tó kàn án. Chemmeen ni, fíìmù èdè Malayalam láti Kerala, tí Ramu Kariat fa yọ láti inú ìwé Thakazhi Sivasankara Pillai. Àárín àwọn apẹja ni ìtàn náà ti wáyé. Karuthamma, ọmọ apẹja, fẹ́ràn Pareekutty, oníṣòwò ẹja tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì fi í fún Palani. Àwọn apẹja ibẹ̀ gbà pé Kadalamma, Ìyá Òkun, ló ni omi, àti pé bí ìyàwó apẹja bá ṣèṣekúṣe nílé nígbà tí ọkọ wà lójú agbami, Ìyá Òkun yóò gbé ọkọ náà lọ. Àwa tí a mọ Olókun kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn tó pa ọwọ́ pọ̀ ṣe é. Ọmọ Bengal ni Salil Chowdhury tó ṣètò orin rẹ̀, ọmọ Bengal ni Manna Dey tó kọ orin tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, Hrishikesh Mukherjee tó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Mumbai ló sì to àwòrán rẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fíìmù náà di Hindi.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ìjọba lè ní ìgboyà, Samskara ti 1970 ni kó wò. Èdè Kannada ni, láti inú ìwé U. R. Ananthamurthy, Pattabhirama Reddy ló darí rẹ̀, Girish Karnad ló sì ṣe olórí òṣèré. Ọkùnrin kan kú ní àdúgbò àwọn Brahmin, àwọn tí ètò ìran ilẹ̀ wọn gbé sókè jù. Nígbà ayé rẹ̀, ó ti tẹ gbogbo èèwọ̀ wọn lójú: ó jẹran, ó mutí, ó sì ń bá obìnrin tí wọ́n kà sí ìran rírẹlẹ̀ gbé. Ta ni yóò sun òkú rẹ̀? Ẹni tó bá sun ún lè di aláìmọ́. Bí wọn kò bá sì sun ún, wọn kò gbọdọ̀ jẹun. Òkú wà nílẹ̀, ó ń rà, ebi ń pa gbogbo wọn, wọ́n sì ń wá inú ìwé mímọ́ kiri fún ìdáhùn tí kò sí níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní Madras fòfin dè é pé yóò dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, fíìmù tí wọ́n ti fòfin dè yìí kan náà ló gba wúrà orílẹ̀-èdè.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Snehalata Reddy, ìyàwó olùdarí náà, tó kópa obìnrin tí olóògbé náà ń bá gbé, wà lára àwọn tí ìjọba Indira Gandhi sọ sẹ́wọ̀n nígbà òfin pàjáwìrì, láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ikọ́ fée ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú túbú. Oṣù kìíní 1977 ni ó kú, kété lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Indira Gandhi náà ló wà lórí àga nígbà tí wọ́n fún fíìmù rẹ̀ ní wúrà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń yin ẹ̀bùn ìjọba rántí obìnrin yìí pẹ̀lú.

Ọmọkùnrin tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá nígbà òfin pàjáwìrì kan náà ni Piravi ti 1988 gbé ìtàn rẹ̀ lé. Shaji N. Karun ló ṣe é ní èdè Malayalam. Bàbá arúgbó kan ń retí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Lójoojúmọ́ ni ó ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, ó dúró títí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn fi dé, gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kò rí ọmọ rẹ̀, ó sì padà sílé nínú òjò. Kò sí ariwo nínú fíìmù náà. Òṣèré tó ṣe bàbá náà, Premji, gba ẹ̀bùn òṣèré tó dára jù lọ́dún náà, kò sì sí ẹni tó lè ní kò tọ́ sí i.

Ẹ̀bùn nìkan kò lè bí irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí o. Lọ́dún 1960 ni ìjọba Íńdíà dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń yá àwọn tó ń ṣe fíìmù lówó, ọdún náà sì ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Pune. Owó ìyáni yẹn ni Mrinal Sen fi ṣe Bhuvan Shome tó gba wúrà ti 1969. Adoor Gopalakrishnan jáde ní Pune, ó lọ yá owó, ó sì fi ṣe Swayamvaram, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, tó gbà á ní 1972. Pune náà ni Girish Kasaravalli ti jáde, ẹni tó gbé wúrà lọ fún èdè Kannada lẹ́ẹ̀mẹrin. Shaji N. Karun náà, ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ wọn, owó ìyáni gbé wọn dìde, ẹ̀bùn sì jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ wọ́n. Àwọn ìjọba tó bá ń ṣe ayẹyẹ ẹ̀bùn láìṣe méjì ìṣáájú, owó àsè ni wọ́n ń ná.

Bí wọ́n ṣe ń yan olúborí náà yẹ ká mẹ́nu bà. Fíìmù tó bá gba ìwé-ẹ̀rí láàárín ọdún kan ni wọ́n ń gbà, wọn yóò sì fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀ kí gbogbo adájọ́ lè bá a lọ. Láti nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ márùn-ún ní ẹkùn-ẹkùn ló ń kọ́kọ́ sẹ́ wọn, kí èyí tó ṣẹ́kù tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ńlá ní Delhi. Ẹ̀bùn tún wà lọ́tọ̀ fún fíìmù tó dára jù ní èdè kọ̀ọ̀kan, ti fàdákà. Ti wúrà wà lókè gbogbo wọn, gbogbo èdè ló sì ń dù ú. Lọ́dún 1978, wọn kò fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, rúpíì 300,000 ni olùdarí ń gbà, olùgbéjáde sì ń gba iye kan náà. Owó yẹn kò tó san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún gbajúmọ̀ òṣèré Mumbai.

Ẹ wo àwọn èdè tó ti tipa bẹ́ẹ̀ dé òkè. Sanskrit ní 1983, pẹ̀lú Adi Shankaracharya, fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè àtayébáyé yẹn ṣe. Assamese ní 1987. Tamil ní 1990, pẹ̀lú Marupakkam. Ní 2003, Shwaas, ìtàn bàbá àgbà tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn kó tó di pé ojú ọmọ náà fọ́, gbé e padà fún Marathi lẹ́yìn 50 ọdún. Ní 2011, fíìmù kan ní èdè Beary, tí ìwọ̀nba àwọn Mùsùlùmí etíkun ń sọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣe fíìmù rí, pín in pẹ̀lú Deool. Gujarati rí tirẹ̀ gbà ní 2018, pẹ̀lú Hellaro.

Telugu ló ya ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù tó tóbi jù ní Íńdíà ni, síbẹ̀ ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á, títí Baahubali tí S. S. Rajamouli darí fi gbà á ní 2015. Inú àwọn elédè Telugu dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n n ó sọ èrò mi: ìyàn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Fíìmù ogun àti ààfin tó ti pa owó tí fíìmù díẹ̀ pa rí kò nílò ọwọ́ Ààrẹ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fún Court, fíìmù kékeré nípa arúgbó olórin kan tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ nítorí orin tó kọ. Irú Court ni ẹ̀bùn náà wà fún.

Wọ́n tún rántí iṣẹ́ wọn ní 2017. Rima Das padà sí Chhaygaon, abúlé tí wọ́n bí i sí ní Assam. Ó kó àwọn ọmọ abúlé náà jọ, ó sì ṣe Village Rockstars, ìtàn Dhunu, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ní gìtá, tí ìyá rẹ̀ opó kò sì lówó. Rima Das ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun ló di kámẹ́rà, òun ló to àwòrán rẹ̀ pọ̀, òun náà ló sì gbé e jáde. Kò sí iná sitúdíò, oòrùn àti ọ̀sán ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àkúnya omi dé, ó ya àkúnya omi náà sínú fíìmù. Wúrà dé Assam lẹ́yìn 30 ọdún.

Ayẹyẹ ọdún náà ni ìtìjú bá. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2018, wọ́n sọ fún àwọn olúborí pé ènìyàn 11 péré ni Ààrẹ Ram Nath Kovind yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fún, pé Mínísítà Smriti Irani ni yóò fún àwọn yòókù. Àwọn tó lé ní 50 kọ̀, wọn kò wọ gbọ̀ngàn. Àwọn kan pè é ní ìgbéraga. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣètò ohùn fíìmù tàbí tó rán aṣọ òṣèré ń fi odidi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ tí ojú kì í rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí olórí orílẹ̀-èdè rẹ̀ máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò tọ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílẹ̀ Nàìjíríà níbí, ẹ̀bùn fíìmù AMVCA ti ya ìsọ̀rí sọ́tọ̀ rí fún fíìmù Yorùbá, ó sì ya òmíràn fún Haúsá àti Ígbò, ohun rere sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Aníkúlápó, fíìmù èdè Yorùbá tí Kúnlé Afọláyan darí, gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ lápapọ̀ ní 2023 ni inú mi dùn jù, torí ojúkojú ló bá fíìmù Gẹ̀ẹ́sì du ipò. Ẹ̀yin adájọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá tí ẹ ń fúnni ní oyè àti àwo ìdúpẹ́ lọ́dọọdún, ẹ dá owó ìyáni sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ fi èdè wa ṣe fíìmù. Kódà bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé owó àtúnṣe ọ̀nà ni, a ó gbà á bẹ́ẹ̀.